Ṣé wọ́n máa ń bí gìtá mọ́ ọmọ ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn ni pé, "Ẹ bá mi wò ó bóyá ó ní ẹ̀bùn. Bí kò bá ní in, ẹ tètè sọ, kí n má fowó ṣòfò." Wọn ò fi ibi sọ ọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ láti kékeré ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ lorin wà, ẹni tí wọn ò bá bí i mọ́ kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, mi ò tíì rí ọmọ kan tó gbé gìtá jáde látinú ìyá rẹ̀. Èyí tí mo ń rí ni ọmọ tó ń fọwọ́ kan gìtá lójoojúmọ́ nílé, àti ọmọ tí gìtá tirẹ̀ ń sùn nínú àpò láti Sátidé dé Sátidé.

Ìdílé Àyàn ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. "Ta ló kọ́ ọmọ Àyàn ní ìlù?" Gbogbo ilé ló kọ́ ọ. Kí ọmọ onílù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìlù ti ń dún sí i létí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó rìn tán, ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo mílíìkì. Wọn ò lé e, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Bó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á fún un ní ìlù kékeré, kó máa lu ohun kan náà lálùtúnlù, kí ìyáàlù máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń bá bàbá rẹ̀ re òde ìgbéyàwó, òde ìsìnkú, òde ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó bá fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, wákàtí tó ti lò nídìí ìlù ò ṣeé kà mọ́. Àlejò tó bá pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ náà á mirí, á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Àlejò ò sí níbẹ̀ nígbà agolo. Ẹ gbé ọmọ Àyàn náà sílé alágbẹ̀dẹ láti ìkókó, irin ni yóò máa rọ.

Ká bọ́ sórí gìtá gan-an. King Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946, ọmọ ọba Oǹdó ni, kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò rán mi létí pé bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dùùrù kì í ṣe gìtá. Ilé tí orin ò ti ṣàjèjì ni wọ́n bí i sí, ìyẹn ló là á létí. Lẹ́yìn náà ló bá Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣeré nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ebenezer Obey náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fatai Rolling Dollar, àgbà onígìtá, kó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Ọmọṣẹ́ làwọn méjèèjì kí wọ́n tó dọ̀gá.

Shinichi Suzuki, ará Japan tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí kíkọ́ ọmọdé ní fayolíìnì, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa. Ó kíyè sí i pé kò sí ọmọ Japan tí kò mọ èdè Japan sọ, bó ti wù kí èdè náà le tó. Ó ní bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni kó máa kọ́ orin: kó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kí òbí wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n máa yìn ín. Ti àwa Yorùbá tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta wa kì í béèrè "ọkọ́" nígbà tó bá fẹ́ wọ "ọkọ̀". Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀. Ọmọ tó lè ṣe ìyẹn, kí lẹ tún ń wá tí ẹ ní ó létí orin?

Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò ní kí ọmọ tẹ okùn kankan mọ́lẹ̀. Okùn mẹ́fà ló wà lórí gìtá, èyí tó tín-ínrín jù la sì ń pè ní ìkíní. Mo máa ń mú mẹ́ta nínú wọn: ìkẹrin di dò, ìkẹta di re, ìkejì di mí. Mo ta re, mí, mí, dò. "Orúkọ ta nìyẹn?" Ẹnì kan á pariwo, "Adébáyọ̀!" Òmíràn á ní irọ́ ni, "Adéṣínà" ni. Ariwo bẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ó wá kan Títílayọ̀ láti fi gìtá pe orúkọ tirẹ̀: mí, mí, re, dò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá jùjú ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún, àwọn ọmọ yìí ti ń ṣe é láìmọ̀. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ti ta okùn lọ́nà tó yẹ ní ìgbà tí kò níye. Ká ní mo sọ pé kí wọ́n ta okùn kẹrin ní àádọ́ta ìgbà ni, wọn ì bá ti sùn lọ. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo máa ń lé orin kúkúrú, ọmọ á gbè é padà lórí okùn tirẹ̀. Àwọn òbí kan ní eré nìyẹn, àwọn ò sanwó eré. Eré ni lóòótọ́, òun ló sì ń mú kí ọmọ fẹ́ gbé gìtá lọ́la.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá kan mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá. Ó ní olùkọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ti sọ pé kò lẹ́bùn. Mo wo gìtá rẹ̀: ti àgbàlagbà ni, okùn onírin ló wà lórí rẹ̀, okùn náà sì ga débi pé ìka mi kékeré ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Orí ìka ọmọ náà ti pọ́n. Mo gbé gìtá kékeré olókùn ọ̀rá fún un. Ó tẹ okùn, ohun tó jáde sì ń gbọ̀n riri bí eṣinṣin inú ìgò. Lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ló gbé ìka lé. Mo rọra fa ìka náà sẹ́yìn díẹ̀, kò tó ìbú èékánná, kó wà lẹ́yìn irin náà gẹ́lẹ́. Ohùn náà là gaara. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún un ta. Ẹ̀bùn wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn?

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ dọ́gba o. Etí ẹlòmíràn yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i léraléra pé èyí tó yá, tí kì í fọwọ́ kàn án nílé, kì í pẹ́ tí èyí tó lọ́ra fi ń kọjá lára rẹ̀.

Ilé lọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ tó ọmọdé, ó sì dára púpọ̀ ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé nìkan lọ. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìrántí, ara rẹ̀ ló sì fi dán an wò. Ó ń kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì rí i pé àkàtúnkà ìgbà 38 tí òun pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ tó ìgbà 68 tí òun rọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ orí ìka rí: ẹ fi wákàtí kan fà á lẹ́ẹ̀kan, ó bó, ẹ fún un ní díẹ̀ díẹ̀ lójúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó yi. Ẹ gbé gìtá kọ́ ara ògiri pálọ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ á tó o, ẹ má tì í mọ́ inú àpò. Ẹ wá àkókò tí kì í yẹ̀, bíi kété lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kí ẹ sì ní kó gbé e sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń wù ú.

Bí ẹ ò tilẹ̀ mọ gìtá rárá, ẹ lè jókòó tì í kí ẹ máa dá orúkọ mọ̀. Bàbá ọmọkùnrin yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó fẹ́ mọ okùn tí òun yóò fi pe orúkọ ìyàwó òun.