Kì í ṣe gbogbo ásíìdì ni a ń kọ ní H⁺

Mo ka ọ̀rọ̀ kan tó ní ásíìdì yòówù kí a dà pọ̀ mọ́ bésì, ìdọ́gba áyọ́ọ̀nù rẹ̀ (èyí tó ń fi kìkì ohun tó yí padà hàn; áyọ́ọ̀nù ni átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná, + tàbí −) kò ju H⁺ + OH⁻ → H₂O lọ. Òótọ́ ni èyí fún HCl àti NaOH, nítorí pé àwọn méjèèjì ti pín pátápátá sí áyọ́ọ̀nù nínú omi, tí Na⁺ àti Cl⁻ sì kàn ń wòran láìyí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ásíìdì inú fínígà: bí mólù rẹ̀ bá jẹ́ 0.1 nínú lítà omi kan, nínú 100 mólékù, bíi 1 péré ló pín; ìyókù ṣì wà lódindi. Ohun tó wà nínú ife gan-an ni kí a kọ:

CH₃COOH + OH⁻ → CH₃COO⁻ + H₂O

Ó dùn mí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há ti àkọ́kọ́ sórí yóò pàdánù máàkì níbí láìmọ ìdí rẹ̀. Ní ti amóníà, tó jẹ́ bésì, omi kò tilẹ̀ jáde: NH₃ + H⁺ → NH₄⁺. Bí a bá sì da H₂SO₄ tí a ti fi omi là sínú Ba(OH)₂, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun BaSO₄ yóò silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, kò sì ní sí áyọ́ọ̀nù òǹwòran kankan tí a lè yọ kúrò.