Ta ló ní kò sí nǹkan tó ń fò ní wíńtà?

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Tí February bá ti dé báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwa tá a wà ní UK ni pé ẹyẹ ti sá lọ tán, kòkòrò ti kú tán, àfi tó bá di March. Irọ́ ni jàre. Àbí ká ní ìdajì ẹ̀ lóòótọ́, torí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti lọ ní tiẹ̀, South Africa ló wà tó ń jayé orí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Portland ní Dorset, ibi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú òkun ní gúúsù England. Ní ìkángun ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Portland Bill, ilé gogoro àtijọ́ kan wà tó máa ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọ́ tuntun ní 1906 ni wọ́n bá pa iná tiẹ̀, láti 1961 ló ti di ilé àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, òjò o, ìjì o.

Ohun tẹ́ ẹ ò rò ni pé àwọn ẹyẹ kan ń sá WÁ sí Britain ni. Ẹ wo Purple Sandpiper, ẹyẹ kékeré dúdúdúdú kan tó máa ń dúró sórí àpáta níbi tí ìgbì ti ń nà án, òkè àríwá pátápátá níbi yìnyín ló ti ń yé ẹyin, lójú tiẹ̀ Dorset gbóná bíi Badagry! Guillemot, ẹyẹ òkun kan, náà á ti máa yọjú sára àpáta láàárọ̀, tó bá dọjọ́ kejì ẹ lè má rí ẹyọ kan. Àwọn Brent Goose á sì máa fò kọjá lórí òkun, Siberia ni wọ́n ń lọ.

Ó wá ku àfòpiná, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ yẹn náà á gbé àpótí kan síta lálẹ́, gílóòbù alágbára lórí ẹ̀, kíréètì ẹyin nínú ẹ̀ kí àwọn àfòpiná lè rí ibi sá pamọ́ sí, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. (Àṣìpè ni orúkọ àfòpiná yẹn náà o, kò fẹ́ pa iná kankan, ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fi hàn pé ńṣe ló ń kẹ̀yìn sí iná bó ṣe máa ń kẹ̀yìn sójú ọ̀run, bí ọ̀nà ṣe dàrú mọ́ ọn lójú nìyẹn.) Ẹ máa rí àfòpiná Hebrew Character nínú àpótí náà ní February, èyí tí àmì ara ìyẹ́ ẹ̀ dà bíi lẹ́tà Hébérù. Tí ara ẹ̀ bá tutù, á kọ́kọ́ máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, gbígbọ̀n yẹn ló ń mú iṣan àyà ẹ̀ gbóná, irun tó bo àyà á dá ooru náà dúró bíi kóòtù, ìgbà yẹn ló tó gbéra.

Níbi tí igi bá pọ̀ sí, àfòpiná March Moth ti ń jáde ní February, orúkọ lásán ni March. Abo ẹ̀ ò tiẹ̀ níyẹ̀ẹ́ tó lè fi fò, ńṣe ló ń rìn gun igi, akọ ni yóò wá a wá. Kí ló ń wá nínú òtútù? Àdán tó ń pa á jẹ ṣì ń sùn! Tí ẹyin ẹ̀ bá sì pa, ewé tuntun ni àwọn ọmọ á bá lórí igi.

Òru mìíràn wà ṣá tí wọ́n á ṣí àpótí tí kò ní sí nǹkan kan, pàápàá tí atẹ́gùn bá le. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn yí padà sí ti gúúsù, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, àfòpiná Silver Y lè sọdá òkun wá.

Ẹyẹ Wheatear tẹ́ ẹ̀ ń retí ní March yẹn, ẹ̀gbẹ́ Sahel ló ti ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti lo ọyẹ́ tiẹ̀ lókè ọya lọ́dọ̀ọ wa. Tó bá fi máa balẹ̀ sí Portland, Purple Sandpiper ṣì wà lórí àpáta ẹ̀, kò tíì múra àtilọ.