Afẹ́ẹ̀rí kọ́ ni onídán fi ń sọ èèyàn di àwátì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi láti máa gbọ́. Gbogbo ìgbà tí fídíò onídán bá ti jáde, tó ti ọmọge mọ́ inú àpótí, tó ṣí i padà, tí kò sí ẹnì kankan ńbẹ̀ mọ́, wọ́n á ní afẹ́ẹ̀rí ni, àwọn mí ì á ní egbé ló gbé e lọ. Àwọn tó bá fẹ́ fi hàn pé ojú àwọn là, wọ́n á ní irọ́ ni jàre, ihò ló wà nílẹ̀, ó ti bọ́ sábẹ́ sítéèjì. Mi ò gbà pẹ̀lú ìkíní, ìkejì náà ò sì ju díẹ̀ lára òótọ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ti afẹ́ẹ̀rí yẹn wò ná. Tó bá jẹ́ òògùn ni, kí ni onídán fẹ́ fi àpótí ṣe? Kí ló dé tó ń fi aṣọ bo èèyàn? Kí ló dé tó kọ́kọ́ máa ń wá wo gbọ̀ngàn kí ọjọ́ eré tó pé, tó ń wo ibi tí wọ́n to àga òǹwòran sí, tó ń bèèrè bí iná ṣe máa mọ́lẹ̀ tó? Ẹni tó bá ní afẹ́ẹ̀rí lọ́wọ́ kí ló kàn án pẹ̀lú àga yín. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré ló sì ń pinnu èyí tí wọ́n máa mú.

Ihò yẹn náà, lóòótọ́ ni wọ́n lò ó. Ní 1886, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Buatier de Kolta tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí sítéèjì, ó gbé àga lé e, obìnrin kan jókòó, ó fi aṣọ ṣẹ́dà bò ó látòkè délẹ̀, ó fa aṣọ yẹn báyìí, kò sí obìnrin. Ìwé ìròyìn yẹn gan-an ló mú àwọn èèyàn, torí gbogbo wọn ń rò ó pé bí ihò bá wà lábẹ́, ìwé yẹn ò bá ti ya, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti gé e sílẹ̀ ní déédéé ojú ihò yẹn. Inú aṣọ yẹn náà, wáyà tín-ínrín wà ńbẹ̀ tó dúró bí orí àti èjìká, kí obìnrin tó ti sọ̀ kalẹ̀ lè ṣì máa dà bí ẹni tó jókòó. Ó dáa gan-an, àmọ́ ta ló máa gbà kẹ́ ẹ wá dá ihò sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn tó yá yín? Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ńkọ́?

Ìyẹn ló jẹ́ kí dígí wúlò. Ó tó ogún ọdún ṣáájú de Kolta, ní 1865, tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Pepper àti Tobin, gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan jáde ní Royal Polytechnic, ilé kan tí wọ́n ti ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì han aráàlú ní London. Òpó kan wà láàárín inú ẹ̀, dígí méjì sì lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún àti tòsì tí ẹnikẹ́ni ò lè fura sí. Ẹni tó bá wọlé á fa dígí méjèèjì wá sídìí òpó, á wá dúró sẹ́yìn wọn, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ògiri ẹ̀gbẹ́ lẹ ń rí nínú dígí, àmọ́ ẹ máa rò pé ògiri ẹ̀yìn ni torí ìwé kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀. Ojú ibi tí dígí ti pàdé, òpó ti bò ó. Ẹni yẹn ò lọ ibì kankan o, iwájú yín ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n ojú ìka kan ṣoṣo lára dígí lè bà á jẹ́, ẹni tó bá sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ jù lè rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Tábìlì náà wà tí etí ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ikùn ẹ̀ sì jìn lábẹ́, wọ́n á kùn ún ní dúdú. Etí yẹn nìkan lojú máa ń wò. Bí ọmọge tó rọ̀ lára ṣe lè ká ara ẹ̀ pọ̀ sínú ikùn yẹn tó, ẹ ò lè gbà á gbọ́ àfi tẹ́ ẹ bá rí i. Àwọn tó ń fi aṣọ àrán dúdú bo ẹni náà níwájú àrán dúdú, kójú má bàa dá a mọ̀ yàtọ̀, náà wà, ìyẹn ò ṣeé ṣe ní ìta gbangba, ilé tí wọ́n lè dárí iná ẹ̀ ló ń fẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Professor Peller. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, wọ́n bí i ní 1941, ó lọ kọ́ṣẹ́ idán ní Íńdíà, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó ní 1997, ohun táwọn èèyàn ń bèèrè ni pé kí ló dé tí kò pòórá, wọ́n ṣì ń bèèrè ẹ̀ títí dòní! Ìbéèrè yẹn ò dáa. Òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ni ọkùnrin náà, iṣẹ́ tó ń fẹ́ irinṣẹ́, ìgbáradì àti àwọn tó ń bá a ṣe é, ẹni tí ìbọn ká mọ́ báwo ló ṣe fẹ́ ráyè to ìyẹn sílẹ̀? Tá a bá ń pe gbogbo làálàá ẹ̀ ní òògùn, a ti gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Tí èrò bá wá yí onídán ká ní pápá lọ́sàn-án gangan, kò lè lo dígí mọ́, kò lè lo àrán, ihò náà di wàhálà, ó lè wá kù sí tábìlì yẹn tàbí ọ̀nà kan tó rọrùn débi pé èèyàn kì í kíyè sí i: ẹni tó "pòórá" á ti wọ yúnífọ́ọ̀mù kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń ti àpótí, á sì bá wọn ti nǹkan kúrò lórí sítéèjì lójú gbogbo yín. Tẹ́ ẹ bá tún lọ wòran, ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì ka iye tó jáde.