Ṣé ATI tó $5.4 bílíọ̀nù tí AMD san?

OmoKabba: Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ní AMD, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, jèrè lórí ATI, iléeṣẹ́ ṣíìpù àwòrán tí wọ́n rà, kó wá ká jọ ka owó. $5.4 bílíọ̀nù ni lọ́dún 2006, tó fi mọ́ $2.5 bílíọ̀nù tí wọ́n yá. Oṣù keje tí wọ́n kéde rẹ̀ náà ni Intel tó ń bá wọn díje gbé ṣíìpù Core 2 jáde. Gbèsè wà lọ́rùn, ọjà ò yá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ṣíìpù kúrò lára, òun ló di GlobalFoundries. Wọ́n tún ta ẹ̀ka àwòrán fóònù fún Qualcomm ní $65 mílíọ̀nù péré! Ẹ tún lẹ́tà "Radeon", orúkọ ṣíìpù àwòrán ATI, tò, Adreno, orúkọ ti Qualcomm, ló máa jáde.

Isanlu_Atunse: Ẹ̀gbọ́n, ti Qualcomm yẹn dun èmi náà. Ṣùgbọ́n torí kí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti GPU (ṣíìpù àwòrán) lè wà lórí ṣíìpù kan ni wọ́n ṣe ra ATI. Ó pẹ́ lóòótọ́, 2011 ni Llano, irú ṣíìpù alápapọ̀ bẹ́ẹ̀, tó dé. Nígbà tó fi máa di 2013, ṣíìpù AMD ló wà nínú ẹ̀rọ gémù PS4 àti Xbox One.

OmoKabba: GPU ATI ti wà nínú Xbox 360 láti 2005. Ẹ lè bá ènìyàn ṣòwò láì ra ilé rẹ̀.

AraMopa: Ṣíìpù kan yẹn ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ka àwòrán rẹ̀ kò ní mẹ́mórì tirẹ̀, RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) ló ń yá lò. Oníbàárà á ra 5600G, ọ̀kan nínú ṣíìpù alápapọ̀ AMD, á ki RAM 8GB ẹyọ kan bọ̀ ọ́. BIOS (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà) á mú 2GB fún àwòrán, á ku 6GB fún Windows, gémù á máa wọ́ bí ìgbín. Wọ́n á ní ayédèrú la tà fáwọn.

Isanlu_Atunse: RAM ẹyọ kan ló fà á. RAM DDR4-3200 ẹyọ kan ò lè gbé ju 25.6GB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì á gbé 51.2GB. Ẹ ra 8GB méjì. Tí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ kà láti ẹ̀gbẹ́ CPU, ìkejì àti ìkẹrin ni kí ẹ kì wọ́n sí. Tí ẹ bá kì wọ́n sí ìkíní àti ìkejì, bí ẹyọ kan náà ni wọ́n á ṣe máa ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá tó bó ṣe yẹ) nínú BIOS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 2133 tàbí 2400 ni wọ́n á máa sá dípò 3200.

AraMopa: Ihò méjì péré ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé wá bá wa.

Isanlu_Atunse: Ẹ di méjèèjì nígbà náà.

OmoKabba: Mo gbà fún yín lórí iná: 65W fún CPU àti àwòrán pọ̀, inverter kékeré ò ní pariwo. Owó tí wọ́n fi ra ATI yẹn ṣì pọ̀ jù. Ní 2007, AMD fúnra wọn yọ ohun tó lé ní $1 bílíọ̀nù kúrò lórí iye ATI nínú ìwé ìṣirò wọn.