Ta Ló Sọ Pé Onígbàgbọ́ Kì Í Banú Jẹ́?

Opó ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n ti ń sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀ nù, pé onígbàgbọ́ kì í banú jẹ́, ṣebí ayọ̀ Olúwa ni agbára wa. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ẹnu wọn kì í kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí ó tún ti dé orí WhatsApp, wọ́n ya òdòdó sí i, wọ́n wá fi tuntun kún un: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó lọ yẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ ṣí Nehemáyà orí 8, níbi tí wọ́n ti já ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni. Ẹ́sírà ti ń ka ìwé òfin láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́kún. Ọjọ́ mímọ́ ni, ni àwọn aṣáájú bá ní kí àwọn èèyàn má sunkún mọ́. Ṣé wọ́n wá ní kí wọ́n fi ipá rẹ́rìn-ín ni? Rárá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹ ọ̀rá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì bù ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni gbólóhùn "ayọ̀ Olúwa" tó wọlé, nínú ẹsẹ 10 kan náà. Ìdajì tó gba ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Máruwa ni wọ́n mú, wọ́n fi abọ́ oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ ṣí orí 9 báyìí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yẹn gan-an, àwọn èèyàn kan náà tún kó jọ: ààwẹ̀ lẹ́nu, aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, erùpẹ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ọjọ́ ayọ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ ẹkún lọ́tọ̀, oṣù kan náà ló gba méjèèjì.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́, tó ní ká máa yọ̀ nígbà gbogbo? Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ìwé Fílípì. Nínú ìwé ọ̀hún náà, orí 2 ẹsẹ 27, ó sọ pé Epafiródítù, alábàáṣiṣẹ́ òun, ṣàìsàn débi ikú, pé Ọlọ́run ló ṣàánú kí òun má baà ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Lórí ìbànújẹ́! Ìyẹn ni pé ọ̀kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wá dé orí 4, ó ní àlàáfíà Ọlọ́run yóò "ṣọ́" ọkàn wa. Ọ̀rọ̀ ológun ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé olè wà níta, kí ló fẹ́ fi ọlọ́dẹ ṣe?

Ó tilẹ̀ sọ bí a ṣe ń ṣe é: àdúrà, ẹ̀bẹ̀, ìdúpẹ́, kí ìbéèrè sì hàn kedere. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Wọn á ní "Olúwa, gbogbo ìṣòro mi", wọn ò ní dárúkọ ọ̀kan. Sọ pé owó ilé ìwé ọmọ ni, sọ iye tó kù, sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á. Lẹ́yìn náà, dúpẹ́ fún ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lónìí, kì í ṣe "fún ẹ̀mí" lásán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹni tó fi wákàtí kan gbógun ti ọ̀tá láàjìn, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tó wá ń retí oorun, ara ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò sì rí i pé Pọ́ọ̀lù ní òun ti "kọ́" ìtẹ́lọ́rùn ni? Ohun téèyàn ń kọ́ máa ń gba àkókò; ẹni tó bá ń dín gààrí Ìjẹ̀bú mọ èyí. Wọ́n rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n dì í sápò, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ó di ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó kan. Bóo bá kù gìrì dín in lọ́jọ́ kejì, gààrí ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú. Mo gbà pé ayọ̀ bà lé àwọn kan lójijì, tí kò sì lọ mọ́. Ó dáa fún wọn.

Wọn á tún fa Tẹsalóníkà kìíní orí 4 yọ, pé ká má banú jẹ́. Kí wọ́n kà á parí: "bí àwọn tí kò ní ìrètí". Ó parí.

Èlíjà ní kóun kú. Áńgẹ́lì ò wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló gbé wá, ó jẹ́ kó sùn padà, ó tún jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ṣe ìsọ́ òru títí di aago mẹ́rin, tó tún wà nídìí agbada gààrí ní mẹ́fà, oorun ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́ níyà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bó bá wá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun ò wá, tí oúnjẹ ò wọlé, tí ohunkóhun ò wùùyàn mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣàgámù. Bó bá sì ti ń rò pé ikú sàn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àdúrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sílé opó, ẹ fi ẹsẹ Bíbélì yẹn sílé. Ẹ rin ewùrà, ẹ fi ṣe ìkọ́kọrẹ́, ẹ bù ú dání. Bó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ẹ fọ abọ́ kẹ́ ẹ tó máa lọ.