Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá mi

Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ àwọn tí wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ ọba jáde. Wọ́n jù ú sórí WhatsApp ẹ̀ka wa ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kubwa, ní Abuja. Mo ka àwọn orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Èmi ò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ mémò wà níbẹ̀, òun ni ìkẹsàn-án. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa kọjá Dawaki, omi ti ń dà lójú mi, mi ò sì mọ ibi tí mo máa kọ ojú sí. Obìnrin Hausa kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé ẹsẹ̀ ló jókòó tì mí. Ó bi mí pé, “Lafiya?” Mo ní, “Lafiya.” Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Sai haƙuri.” Àfi sùúrù. Kò sọ ju ìyẹn lọ títí a fi dé. Nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti sọ fún mi láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn nìkan ni kò dá kún ẹ̀dùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ ọba àpapọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gboyè ní yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ipele 08. Láti ibẹ̀ dé ipele 14, ọdún mẹ́ta mẹ́ta lèèyàn ń lò kó tó lè jókòó fún ìdánwò ìgbéga. Láti 15 lọ sókè, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni. Kò sí ipele 11, láti 10 la ti ń fò sí 12. Ọdún 2009 ni mo wọṣẹ́. Mo dé ipele 13 ní 2021, ó sì yẹ kí n bọ́ sí 14 ní 2024. Lọ́dún yẹn, máàkì mi ò tó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kejì wà ní ọsibítù lọ́sẹ̀ ìdánwò, mi ò ráyè kàwé. Àmọ́ ní 2025, mo kàwé. Mo yege. Wọ́n ní àyè tó ṣí sílẹ̀ kò tó iye àwa tó yege.

Ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ yìí lè rò pé ọdún méjì kì í ṣe nǹkan. Lóru ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìka ṣírò. Ẹni ọdún 31 ni mí nígbà tí mo wọṣẹ́. Òfin ní kéèyàn fẹ̀yìn tì tó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Tèmi, 2038 ni. Ká ní mo bọ́ sí 14 ní 2024, tí gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geere, mo lè di dírẹ́kítọ̀ ní ipele 17 ní 2035, kí n lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Bó bá wá jẹ́ 2026 ni mo bọ́ sí i, ó di 2037, ọdún kan péré ló kù kí n kó ẹrù mi. Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù mi ni wọ́n ń yọ sí i, ìjọba ń fi 10 kún un. Bí owó oṣù bá dúró sójú kan, ohun tó ń wọ àpò yẹn náà á dúró sójú kan. Ọkọ mi ta jí, ó bá mi níbi tí mo ti ń ka ìka. Kò bi mí léèrè. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú kí n má bàa lè kà á mọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe máa ń sáré bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, mo ti gbọ́ “ẹ ṣáà máa dúpẹ́” tó ìgbà ogún. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ níṣẹ́. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè. Mo mọ̀ pé àwọn tí kò ríṣẹ́ pọ̀ ju àwa tó ń ṣe é lọ ní àdúgbò mi. Mo sì ń dúpẹ́, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, pẹ̀lẹ́ la kọ́kọ́ máa ń kí i. A kì í sọ fún un pé àwọn kan ò lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fò dá sunkún rẹ̀ tán. Ẹkún ọjọ́ mẹ́ta ò pa ẹnikẹ́ni, ẹkún téèyàn ò sun jáde ló ń di àìsàn síni lára.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wòlíì kan ti rí i pé ẹni tó ń bá mi jẹun ló jókòó lé ògo mi. Àyà mi já, nítorí òótọ́ ni pé ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí ń bá mi jẹun. Láti 2010 tó ti wọṣẹ́ ló ti máa ń wá sídìí tábìlì mi ní aago méjì ọ̀sán, tòun ti ṣíbí rẹ̀. Ẹ wo bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ráyè wọlé síni lọ́kàn. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ro gbogbo ìrẹsì tí mo ti bù fún un láti ọdún yìí wá. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, mo gbààwẹ̀ kí n tó ṣe ìdánwò yẹn. Ṣùgbọ́n mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí n rọ́wọ́ mú lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má bá mi wá ọ̀tá.” Inú bí i. A ti parí ẹ̀ báyìí.

Àwọn mìíràn ní àwọn ará Òkè Ọya ló ń pín ipò láàárín ara wọn. Mo mọ̀ pé pínpín ipò yíká àwọn ìpínlẹ̀ wà lóòótọ́. Ó wà nínú abala 14 ìwé òfin 1999, àjọ tó ń mójú tó o sì ti wà láti 1996. Àríyànjiyàn tó wà lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó, mi ò lè parí rẹ̀ níbí. Àmọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọmọ yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ló ni wá. Ṣé Hausa ni mo wá fẹ́ di ẹ̀bi ìyẹn náà rù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lára mi, ẹnu ni. Kí ni mo máa máa pe ọmọ yìí? Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. “Ìwọ” ni mo ti ń bá a sọ ọ́ bọ̀, òun a máa pè mí ní Àǹtí. Bó bá kọ mémò tó lọ́jú pọ̀, màá dá a padà fún un, màá ní, “Lọ tún èyí kọ, ọmọ yìí.” Nígbà tó ṣe, ọ̀gá ẹ̀ka wa fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi òun sípò náà. Wọ́n ní kí n gbé fáìlì kan lọ fún un. Mo kan ilẹ̀kùn. Bó ṣe rí i pé èmi ni, ó dìde fùú. Kò lè padà jókòó, torí àgbà wà lórí ìdúró. Èmi náà ò lè jókòó, torí iwájú ọ̀gá ni mo wà. Akọ̀wé ń wò wá. Fáìlì ń wúwo lọ́wọ́ mi. Mo bá ní, “Fáìlì tẹ́ ẹ béèrè rèé, sà.” Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.” Mo ní kó jókòó ná. Ó jókòó.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ibi tí mo dúró sí rèé: ní ọ́fíìsì, “ẹ” ni. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì fún eyín pọ̀ sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bínú, wọ́n ní àṣà Yorùbá ò fàyè gbà á. Àṣà wo? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí wọ́n bá fi ọmọ joyè, ìyá tó bí i gan-an á kúnlẹ̀ kí i. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n pa lówe pé ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí wẹ ọwọ́. Mo mọ̀, torí èmi ni mo bu omi sí i lọ́wọ́. Kí ló wá dé tí yóò fi jókòó ti abọ́ tán, tí ojú mi á korò? Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Gwarinpa lóṣù tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú gbogbo èèyàn, mo ní, “Dìde, ìwọ ọmọ yìí, aṣọ rẹ á dọ̀tí.” Ibi kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀, kò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn kan wà tí mo kọ̀ pátápátá. Àwọn tí a jọ wà nípò kan náà ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà máa dá rìn. Èmi ni mo mọ ibi tí fáìlì àtijọ́ wà, èmi ni mo mọ ẹni tó yẹ ká pè. Wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wá láti Lokoja. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, ó di àwọn ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó ní ìgbà kẹrin tí òun wá rèé. Bí mo bá jókòó lé fáìlì nítorí pé mo fẹ́ kí ọ̀gá tuntun tẹ́, ta ló máa padà lọ sí Lokoja lọ́wọ́ òfo? Mo wá fáìlì bàbá náà jáde. Ó gbà mí ní wákàtí méjì.

Mi ò sọ pé kéèyàn dákẹ́ o. Òfin iṣẹ́ ọba fún wa láyè láti kọ̀wé béèrè, mo sì kọ ọ́, nípasẹ̀ ọ̀gá mi bó ṣe yẹ, ojú ìwé kan péré, kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo béèrè máàkì mi àti bí wọ́n ṣe tò wá. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí máàkì kálukú ṣe ga tó ni wọ́n fi tò wá, àyè sì tán kó tó kàn mí. Máàkì ọmọ yìí ju tèmi lọ. Ó dùn mí láti kà á, ṣùgbọ́n oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sun irú rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì tí mo wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò yìí, ẹ béèrè. Ohun téèyàn ò mọ̀ lèèyàn máa ń rò di ẹ̀mí òkùnkùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago méjì, ọmọ yìí kan ilẹ̀kùn mi. Kò mú ṣíbí dání. Ìwé tó fi kàwé fún ìdánwò ló kó wá, ìwé àjákọ mẹ́ta, àti ìwé òfin iṣẹ́ ọba tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 27 Oṣù Keje 2023, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n yí padà. Mo ṣí àkọ́kọ́. Ó ń nọ́ńbà ìpínrọ̀ rẹ̀ láti 1 lọ, ó ń fi àyè sílẹ̀ létí ìwé lápá òsì, bí mo ṣe kọ́ ọ ní 2010. Mo bá bu ẹ̀wà sínú ọmọrí kúlà mi fún un.

Ọmọ mi obìnrin ló ń bi mí ní ìbéèrè inú wọn lálaalẹ́ báyìí. Lánàá a dé orí ìsinmi ìbímọ. Ó ní, “Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ mélòó?” Mo ní 16. Ó ní, “Bàbá ọmọ ńkọ́?” Mo ní ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ó ṣí ojú ìwé kejì.