Orin tí mo dáńlóòdù, níbo ló wọlé sí?

Ẹni tó kọ "Download" sára bọ́tìnnì inú áàpù orin yẹn, mo fẹ́ kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi. Kó má fi òyìnbó gígùn dá mi lóhùn o. Kó sọ ọ́ ṣókí: orin tí mo fi dátà mi dáńlóòdù, tó ń jẹ ààyè nínú fóònù mi, tí mo ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, níbo ló wọlé sí?

Sátidé tó kọjá lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Wọ́n ní rédíò pupa kékeré kan, irú èyí tó ń gba mẹ́mọ́rì àti fùláàṣì, tí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́mọ́rì inú ẹ̀ ti kú látọjọ́ tí òjò wọ ìsọ̀ wọn, ariwo òṣèlú tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ sì ti sú wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá orin àtijọ́ sí i, àpàlà, wákà àti jùjú. "Èyí tí bàbá yín fẹ́ràn ni kó o jẹ́ kó pọ̀ níbẹ̀."

Mo ní ṣé ìyẹn náà ni wàhálà? Èmi tí mò ń sanwó áàpù orin lóṣooṣù. Mo ra mẹ́mọ́rì 32GB, mo tì í bọ inú fóònù mi, mo wọ Settings, mo sọ fún áàpù náà pé orí mẹ́mọ́rì ni kó máa kó orin sí. Dátà òru ni mo lò, torí ta ló fẹ́ fi dátà ọ̀sán wa orin 83? Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti ní àmì aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo mẹ́mọ́rì, ààyè ibẹ̀ ti dín lóòótọ́. Inú mi dùn, mo sùn díẹ̀, mo gba Bódìjà lọ.

Mo yọ mẹ́mọ́rì, mo tì í bọ inú rédíò màmá mi. Kò sọ nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo tún tì í bọ inú rẹ̀. Pẹ́ẹ̀. Mo dá a padà sínú fóònù, mo wá orin náà lọ. Fódà nínú fódà. Fáìlì kan ń jẹ́ "f7", òmíràn ń jẹ́ "3c" pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, bíi nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n jí gbé. Kò sí orúkọ olórin, kò sí orúkọ orin, kò sí .mp3, àmì orin tí rédíò máa ń mọ̀, nídìí ẹyọ kan.

Ṣé ẹ rántí ẹni tó sọ fún mi níbí lọ́jọ́sí pé "VLC ni kẹ́ ẹ lò, kò sí orin tí kì í rí"? Ọlọ́run á san án fún ẹ. Mo gbé VLC, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin inú fóònù, sórí fóònù, mo fi wáyà so fóònù mọ́ rédíò kí gbogbo wa lè jọ gbọ́, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ohun tó jáde lẹ́nu rédíò màmá mi, láàárín ọjà, lọ́jọ́ Sátidé, ohùn èmi fúnra mi ni.

"Bọ̀dá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Aṣọ tí mo kó fún yín kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tí Iléyá ti kọjá!"

Èmi àti téló mi ni. Fóònù mi ti gba ìpè yẹn sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ìyá aláta tó wà níwájú wa fọwọ́ bo ẹnu, ó ń fi ejìká rẹ́rìn-ín. Mo sáré tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, àdúrà ìṣẹ́jú 11 tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Mo tún tẹ òmíràn, ohùn tí fóònù fi ń ké láàárọ̀ láti jí mi. VLC rí gbogbo ohun tí mi ò wá. Nínú orin 83, kò rí ẹyọ kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Fódà tí áàpù náà kó orin sí wà nínú Android/data. Látìgbà tí Android 11 ti jáde ní 2020 ni wọ́n ti tilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ àwọn áàpù yòókù. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ dọ́gbọ́n wọlé, orin náà ti gba àgádágodo, áàpù tó wà á nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù, orin bá a lọ. Spotify, ọ̀kan nínú irú àwọn áàpù orin báyìí, tiẹ̀ kọ tiwọn síta gbangba pé kí èèyàn rí i pé òun wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin tó dáńlóòdù ò ní dún mọ́. Orin tó gbọ́dọ̀ lọ fara han ọ̀gá ẹ̀ lóṣooṣù, ṣé tèmi nìyẹn?

Láti 2009 ni Apple ti yọ àgádágodo kúrò lára orin tí wọ́n ń tà ní iTunes, ìsọ̀ orin wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rà á lè gbé e lọ síbi tó wù ú. Àmọ́ èyí tí à ń san lóṣooṣù yìí, a ò rà á rárá, a yá a ni. Aṣọ àgbàbọ̀ ni. Kò burú, kí wọ́n kúkú kọ "Yá a" sára bọ́tìnnì yẹn ká mọ ibi tí a wà! Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà máa wá sọ fún mi pé ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Ta ló ń ka àdéhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí mọ́lẹ̀.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè ní inbox ibi tí orin tẹ́ ẹ dáńlóòdù wà: orin tẹ́ ẹ bá fi Chrome wà, inú fódà Download ló wà, VLC á rí i. Ti WhatsApp wà nínú Android/media, ẹ wọ com.whatsapp, ẹ máa bá a lọ títí ẹ ó fi kan WhatsApp Audio. Ti Telegram, ẹ tẹ àmì tóótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin náà, ẹ yan Save to Music. Bí fáìlì tó ń jẹ́ .nomedia bá sì wà nínú fódà kan, òun ló ń sọ fún áàpù orin pé kó kọjá lọ, kó má wo ibẹ̀. Ó parí. Ẹ má pè mí.)

Ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà àti íápíìsì ní ìsọ̀ kejì ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá. "Àǹtí, wọn ò fún yín lórin, wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ ni. Ẹ mú mẹ́mọ́rì yẹn wá." Ó gba ₦1,000. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti kán lọ́rùn, òkúta ló fi gbé ojú ẹ̀ ró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orin tó lé ní 200, olórin kọ̀ọ̀kan nínú fódà tirẹ̀, .mp3 nídìí gbogbo wọn, pẹ̀lú orúkọ wẹ́ẹ̀bù kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orin kọ̀ọ̀kan. Mo tì í bọ inú rédíò. Gángan sọ̀rọ̀. Màmá mi tó ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ lọ́wọ́ dúró, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bu èènì fún oníbàárà náà ní ìlọ́po mẹ́ta. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú fún mi nìyí o. Àbúrò màmá mi ọkùnrin lu gángan fún ọdún púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ jùjú kan. Títí wọ́n fi kú, bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ àwọn tó ń ṣe ayédèrú káséètì, wọ́n á bú wọn délé bàbá wọn. Wọ́n ní káséètì àwọn á ti wà lórí igbá lọ́jà kí ọ̀gá àwọn tó rí kọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ bí Haruna Ishola àti I.K. Dairo ṣe dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti olórin fúnra wọn. Ojú wọn á máa dán bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Èmi ọmọ wọn sì rèé, mo fi ₦1,000 ra 200 orin lọ́wọ́ ọmọ oníṣájà.

Màmá mi ló béèrè, nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́: "Owó tó o fún ọmọ yẹn, ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọrin?"

Mo ní rárá.

"Èyí tó ò ń san lóṣooṣù ńkọ́?"

Mo ní díẹ̀ nínú ẹ̀ á dé ibẹ̀.

Wọ́n wo rédíò náà. "Ṣùgbọ́n tìyẹn ò dún."

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Àtàná ni mo ti ní kí n pa áàpù yẹn rẹ́, ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀, mo tún gbé e kúrò. Láàárọ̀ yìí bánkì fi àlááàtì ránṣẹ́, owó oṣù tuntun ti lọ.